Okùn Pupa Lẹ́nu Táńkì

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń fi gbogbo agbára tú bóòtù tó kẹ́yìn lórí ẹ́ńjìnì alùpùpù bàbá rẹ̀. Bóòtù náà ti dípẹtà. Sípánà yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìka rẹ̀ kọlu irin, awọ bó. Kò pariwo. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyà yẹn kéré.

"Rọra, Ẹnjiníà," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ funfun wé ìgúnpá ọ̀tún. "Irin ò mọ̀ pé ò ń bínú."

Láti kékeré tó ti ń bá bàbá mú sípánà dání ni bàbá ti ń pè é ní Ẹnjiníà. Orúkọ náà máa ń mú orí rẹ̀ wú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé, ńṣe ló ń gún un lára bí abẹ́rẹ́.

Ní ìdájí ọjọ́ Ajé yẹn, bàbá di búrẹ́dì Ìyá Oníbúrẹ́dì sẹ́yìn alùpùpù bó ti máa ń ṣe, ó ń gbé e lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Níbi òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ẹ́ńjìnì dákẹ́ lójijì, táyà ẹ̀yìn gan, alùpùpù sì gbé bàbá ṣubú. Búrẹ́dì fọ́n ká sínú ẹrẹ̀. Látìgbà náà, irin tí wọ́n fi ń tẹ ẹ́ńjìnì kò lọ sísàlẹ̀ mọ́. Bí ẹni ń tẹ òkúta ni. "Ó ti nọ́ọ̀kì," ni gbogbo ẹni tó rí i ń wí.

Bàbá àti ọmọ yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n da ọ́ìlì sí ihò rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wọ́n ki í sí jíà, wọ́n ń tì í síwá sẹ́yìn títí ohun tó gan nínú rẹ̀ fi tú. Ó wá ku kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n wo ohun tó ṣe é.

Bóòtù gbà. Bàbá gbé orí ẹ́ńjìnì kúrò, ó rọra fa sílíńdà sókè, písítìn sì yọ. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, èyí tó kọjú sí sàlẹ́ńsà, ti ha yánnayànna bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó họ ọ́.

Bàbá wò ó pẹ́. "Gbígbẹ ló gbẹ," ló wí. "Kò rí ọ́ìlì mu."

Irú alùpùpù àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí ọ́ìlì písítìn ń gbé lọ́tọ̀. Inú pẹtiróòlù ni wọ́n ti ń pò ó pọ̀. Ẹni tó bá da pẹtiróòlù nìkan sí i ti bà á jẹ́ nìyẹn. Nítorí èyí ni bàbá ṣe ní okùn pupa kan. Bó bá da pẹtiróòlù, tó wọn ọ́ìlì sí i, tó mi alùpùpù dáadáa, á so okùn náà mọ́ ìdérí táńkì. Bí okùn bá wà níbẹ̀, ọ́ìlì wà nínú rẹ̀. Bí okùn kò bá sí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ilé ló mọ òfin yìí.

Bàbá fa rọ́bà abẹ́ táńkì yọ, ó jẹ́ kí pẹtiróòlù ṣàn sínú ìgò, ó sì gbé ìgò náà sókè sí oòrùn. Ọ́ìlì tiwọn máa ń sọ pẹtiróòlù di búlúù. Èyí mọ́ gaara bí omi.

"O rí i?" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo so okùn, n ò da ọ́ìlì. Èmi fúnra mi."

Ìyá, tó ń fọ aṣọ nítòsí, dá a lóhùn láìgbójú sókè. "Bàbá Ẹnjiníà, ṣé mo wá parọ́ nígbà tí mo ní ẹ ti ń gbàgbé nǹkan? Lóṣù tó kọjá, ẹ gbé kẹ́tùlù kaná títí ìdí rẹ̀ fi jó. Ẹ ní ológbò ló gbé e kaná. Ó yá, ẹ tún ní ológbò ló so okùn."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kẹ́tùlù, ẹ̀rín ni. Èyí lè pa èèyàn. Mo ti lọ bá Ìyá Oníbúrẹ́dì láàárọ̀. Mo ní kó wá ẹlòmíì tí orí rẹ̀ ṣì pé. Ó ní tó bá di ìrọ̀lẹ́, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ọmọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan."

"Kí la wá ń tún un ṣe fún?"

"Ká lè tà á ni. Ta ló máa ra òkú?"

Ọmọbìnrin náà kò lè gbé ojú sókè. Ó mọ ẹni tó so okùn.

Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu ló dá a sílẹ̀. "Alùpùpù bàbá rẹ yẹn," ni Ẹlẹ́nu wí lójú gbogbo ẹgbẹ́, "ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń gùn ún ni, àbí òun ló máa ń gùn yín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nígbà tí bàbá sùn, ọmọbìnrin náà mú kọ́kọ́rọ́. Ó gbé Ẹlẹ́nu yí pápá ilé ìwé ká, àwọn ẹgbẹ́ ń pàtẹ́wọ́ fún un, títí pẹtiróòlù fi tán. Ó tì í dé ilé epo, ó ra pẹtiróòlù sí i. Agolo ọ́ìlì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá, kò sì fẹ́ jí bàbá lójú oorun. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ó kàn sọ fún ara rẹ̀ pé òun á wá àyè da ọ́ìlì sí i tó bá di alẹ́. Ó wá so okùn bí bàbá ṣe máa ń so ó gẹ́lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa fura. Alẹ́ lẹ́, ó gbàgbé, ó sùn.

"Gbà." Bàbá na sáńpépà sí i. "Fá gbogbo ohun tó lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà yẹn kúrò. Má fá a jù."

Ó ń fá a. Bàbá gbé okùn pupa lé itan, ó ń wò ó.

"Èmi náà ni mo kọ́ ọ pé bí okùn yìí bá ti wà níbẹ̀, kó o fọkàn balẹ̀."

Ọwọ́ ọmọbìnrin náà dúró. "Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Kí ni kì í ṣe èmi?"

"Èmi ni mo gbé e jáde lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ni mo ra pẹtiróòlù sí i. N ò da ọ́ìlì."

Ìyá fi aṣọ sílẹ̀ nínú omi.

"Ta ló so okùn?" ni bàbá béèrè.

"Èmi ni."

"Báwo lo ṣe so ó?"

"Bí ẹ ṣe máa ń so ó, sà."

"Kí n má bàa mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá kò pariwo. Ì bá sàn fún un ká ní ó pariwo. "Láti ọjọ́ Ajé," ló wí, "tí mo bá dùbúlẹ̀, mo máa ń ka orúkọ àwọn ọmọ ìyá mi níkọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣì rántí wọn."

Ọmọbìnrin náà ti gbọ́ ohùn yẹn láti ẹ̀yìn ògiri. Ó rò pé àdúrà ni. Ìtìjú bò ó débi tí kò mọ ibi tó lè fojú sí.

"Èmi náà sì ń fi kẹ́tùlù bú bàbá rẹ," ni Ìyá wí jẹ́jẹ́. Ó dìde, ó wọlé lọ.

"Mú sáńpépà yẹn," ni bàbá wí. "Iṣẹ́ ò tíì parí."

Ọmọbìnrin náà dán sílíńdà títí ó fi jọ̀lọ̀, ó fi ríìngì tuntun sí písítìn, ó dá gbogbo rẹ̀ padà sáyè rẹ̀, ó sì fún bóòtù pinpin. Bàbá da pẹtiróòlù. Ó wọn ọ́ìlì, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ dà á sí i, ó mi alùpùpù, ó so okùn.

Bàbá na ọwọ́, ó tú okùn náà. Ó ṣí táńkì, ó wo inú rẹ̀, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá dá okùn padà fún un pé kó tún un so.

Ọmọbìnrin náà tẹ ẹ́ńjìnì títí. Ẹ́ńjìnì wúkọ́, ó bú ramúramù, èéfín funfun kún ẹ̀yìn ilé. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ bá Ìyá Oníbúrẹ́dì."

"Ká lọ? Èmi ti lọ ní tèmi. Lọ sọ tìrẹ."

"Tó bá ti gbé iṣẹ́ fún oníkẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé o pẹ́ kó o tó sọ ọ́." Kò pè é ní Ẹnjiníà.

Ó yé e wàyí pé ohun tó ṣe lọ́jọ́ Àìkú kì í ṣe ohun tí kò látùn-únṣe. Ká ní ó sọ̀rọ̀, ọ́ìlì díẹ̀ ni ì bá gbà. Irọ́ tó fi bò ó ló ba ẹ́ńjìnì jẹ́, òun ló dá bàbá ṣubú, òun náà ló mú bàbá máa bẹ̀rù orí ara rẹ̀. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe, kó sọ ọ́ nígbà tó ṣì kéré. Ẹni tó bá dákẹ́ títí ẹlòmíì fi ru ẹ̀bi rẹ̀, olè ni, ohun tó sì jí kò ṣeé rà lọ́jà.

Kò dúró fọ ọwọ́. Ó fi ẹsẹ̀ rìn jáde pẹ̀lú ọ́ìlì dúdú ní gbogbo ìka, ó kọjú sí ilé búrẹ́dì. Bó ṣe ń yà ní kọ̀rọ̀ ilé, ó gbọ́ tí bàbá pa ẹ́ńjìnì kí pẹtiróòlù má bàa jó dànù. Ó yára ẹsẹ̀.