Àyọkà Tí Kíkẹ́ Kò Kà

"Kíkẹ́, àkọlé tèṣí náà ni! 'Ọjọ́ Tí Iná Sọ'!" Sẹ̀kínátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ìwé ìdánwò fún wọn ní kíláàsì ni.

Ìdánwò àkàyé yìí ni ilé ìwé wọn ní Yaba fẹ́ fi yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò ṣojú wọn níbi ìdíje èdè Yorùbá. Kíkẹ́ mọ àfiwé tààrà, ó mọ ìfohunpènìyàn, ó mọ ibùdó ìtàn bí ẹní mowó. Ẹ̀rù ló kàn ń bà á. Sẹ̀kínátù ti sọ fún un pé Ọ̀gbẹ́ni Akínlabí, olùkọ́ wọn, kì í pààrọ̀ àyọkà, pé ìdáhùn tèṣí wà lórí fóònù òun. Ni Kíkẹ́ bá há gbogbo rẹ̀ sórí.

Kò wo àyọkà rárá, kí ohun tó há sórí má baà fò lọ. Bíírò rẹ̀ ń sáré: ibùdó ìtàn: gáréèjì Ìdó; olú ẹ̀dá ìtàn: Àkàngbé awakọ̀; ìgbẹ̀yìn rẹ̀: iná jó o pa. Òun ló kọ́kọ́ parí, ó tún ń yangàn.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ gbé ìwé rẹ̀ sókè. "Kíkẹ́, dìde. Ta ni Àkàngbé?"

"Awakọ̀ ni, sà."

"Níbo lo ti rí i? Gba àyọkà, kà á sí wa létí."

Kíkẹ́ gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "'Ìyá Ayọ̀kànmí ń yan ẹja ní Makoko. Iná bínú, ó na ahọ́n, ó fẹ́ lá òrùlé...'" Òun tó ń bá ìyá rẹ̀ yan ẹja ní Makoko ní gbogbo Sátidé! Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìfohunpènìyàn nìyẹn, sà. Mo mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Àkọlé nìkan ló jẹ́ ti tèṣí; ìwọ ni mo rò tí mo fi kọ àyọkà tuntun yìí." Ojú olùkọ́ náà fà ro. "Ìyanuolúwa, ọmọ kíláàsì yín, ni yóò lọ síbi ìdíje. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, Kíkẹ́."

Sẹ̀kínátù tóun náà gba òdo ti dorí kodò.

Nírọ̀lẹ́, Kíkẹ́ ka àyọkà náà fún ìyá rẹ̀ nídìí iná. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ wa rèé! O ò ní ṣàìgba gbogbo máàkì níbẹ̀."

"Mi ò kà á, Mọ́mì. Ìdáhùn tí mo jí wò ni mo kọ."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ìyá. Ó kẹ̀yìn sí i, ó ń yí ẹja, ìyẹn sì dun Kíkẹ́ ju òdo lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ìdáhùn tí a jí wò kì í jẹ́ ká rí èyí tó jẹ́ tiwa. Ẹ ka ohun tó wà níwájú yín.