Aago Tí Kò Ríran Lára Clémence

Ọkùnrin náà ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà Adakplamè nínú oòrùn ọ̀sán, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò dípò ọ̀nà, ló bá kọ lu Clémence. Abọ́ tòmátì yẹ̀ lórí ọmọbìnrin náà, tòmátì sì fọ́n ká sínú eruku.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń lé yín?"

"Kò sẹ́nì kankan. Aago mi ló ń sọ bí ọkàn mi ṣe ń lù."

"Kí ló wá wí?"

"Ó ní kí n rọra."

"Aago yín gbọ́n jù yín lọ."

Judicaël ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Kétu. Ó ṣa tòmátì náà, ó sì rù ú dé ilé wọn. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára, Judicaël sì ti so aago náà mọ́ Clémence lọ́wọ́ kó lè máa fi rántí òun.

Ẹ̀bùn yẹn ló fẹ́ẹ̀ tú wọn ká. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ kí ìyá Judicaël, obìnrin náà di ọwọ́ Clémence mú, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára aago. Iye ìlù ọkàn tó wà lójú aago náà ń fò sókè, ó sì tún ń dákẹ́. Ìyá jókòó wọ̀ọ̀.

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n àìsàn ọkàn ló pa ọkọ mi sóko. N ò fẹ́ kí ọmọ mi náà sin aya."

Clémence sunkún délé. Kò lè bínú sí i. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

"Bó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ìwọ ni mo fẹ́," Judicaël wí fún un lọ́jọ́ kejì.

"Èmi náà fẹ́ ẹ, olówó orí mi. Ṣùgbọ́n n ò ní wọlé ẹni tó ń fi omijé wò mí. Jẹ́ ká mú Màmá lọ sí ọsibítù."

Thérèse, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, lẹ okùn ẹ̀rọ mọ́ àyà Clémence, ó wo ìwé tó ń jáde, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ọkàn rẹ̀ dá ṣáká. Ìmọ́lẹ̀ ni aago yìí ń tàn sínú awọ láti fi wá ẹ̀jẹ̀. Awọ dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, àwọn aago kan kì í sì í ríran dáadáa lára adúmáadán bíi tirẹ̀."

Judicaël, apọ́nbéporé bí ìyá rẹ̀, fọwọ́ lérí. Kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá rìn dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó tẹ̀ ba, ó fi etí lé àyà Clémence, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Ó ń lù kíkankíkan."

"Ẹ̀rù yín ló ń bà á, Màmá."

Ẹ̀rín àti ẹkún gba ìyá lẹ́nu pọ̀. Ó gbá a mọ́ra.

"Má bẹ̀rù mọ́. Sọ fún bàbá ẹ pé mò ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ mi."