Ariwo Jẹnẹrétọ̀ Kọ́ Ló Ń Pani

Onígbàjámọ̀ kan wà tí kì í fẹ́ ni aládùúgbò lára rárá. Ìyá Aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀, kàn sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Àbúrò, jẹnẹrétọ̀ rẹ yìí ń sọ̀rọ̀ jù mí lọ o, bẹ́ẹ̀ èmi náà kì í dákẹ́."

Kíá ni onígbàjámọ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ náà wọ àlàfo tóóró tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù méjèèjì. Ó fi páànù bò ó lókè, ó fi pákó dí iwájú. Ariwo rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìyá Aránṣọ súre fún un, ó tẹ máṣíìnì, ó dá orin sẹ́nu:

"Abẹ́rẹ́ mi, má ṣẹ́,
Òwú mi, má já,
Ẹni wọ aṣọ mi á gbayì, á gbẹ̀yẹ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, onígbàjámọ̀ ń fá orí nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́ nígbà tí orin náà dé "Òwú mi," tí kò sì kọjá ibẹ̀. Ó fetí sílẹ̀. Máṣíìnì náà ti dákẹ́.

"Àbí ìdajì orí lo fẹ́ kí n gbé lọ sílé?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Ẹ fara dà á. Ẹ̀gbọ́n mi kì í já orin sójú ọ̀nà."

Ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìyá Aránṣọ ti gbórí lé máṣíìnì, fèrèsé tó kọjú sí àlàfo ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Orí ń fọ́ mi. Òòyì ń kọ́ mi."

Onígbàjámọ̀ ò dúró bi í ní ìbéèrè. Ó gbé e jáde síbi tí atẹ́gùn wà, ó sì lọ pa jẹnẹrétọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò ní rọ láé.

"Èéfín jẹnẹrétọ̀ ló gba fèrèsé wọlé," nọ́ọ̀sì olórí ìdajì, tó ti sáré tẹ̀lé e, wí. "Oró inú rẹ̀ ò láwọ̀, kò lóòórùn."

"Ṣebí mo ti bò ó?"

"Bíbò yẹn gan-an ni. Ariwo lò ń lé, o wá sé èéfín mọ́ ọn."

Wọ́n gbé Ìyá Aránṣọ lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fi atẹ́gùn ìwòsàn sí i nímú, ó yè.

Ẹlòmíì ì bá máa ṣàwáwí. Onígbàjámọ̀ tú páànù, ó gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ìpẹ̀kun àgbàlá, níta gbangba, ó sì ń ti ojúlé dé ojúlé kìlọ̀ fún gbogbo ará àdúgbò.

"Ẹ má bínú, ariwo ti padà dé," ó wí nígbà tí ìyá náà padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Ta ló ń bínú? Ẹni tó wà láàyè ní í gbọ́ ariwo."

Ẹ̀yin ará, ìta gbangba ni kí ẹ máa gbé jẹnẹrétọ̀ sí, kó jìnnà sílé. Ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìdáná tàbí abẹ́ fèrèsé, ì báà jẹ́ pé ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ yí ẹnu tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde kúrò lọ́dọ̀ yín àti lọ́dọ̀ aládùúgbò. Bó bá ń ṣiṣẹ́ tí orí ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí èébì ń gbé yín, ẹ kọ́kọ́ jáde síta ná, kí ẹ tó máa wádìí, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kó máa pariwo lókèèrè.