Òkú Ìyá tí Orrin Haugen Kò Sin

Orrin Haugen fẹ́ràn ọtí ju ìyàwó rẹ̀ lọ, ìyàwó náà sì kó jáde. Lọ́jọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Montana, ó mutí yó, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ kòtò. Ọlọ́pàá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó máa lọ sílé títí èsì yóò fi dé.

Orrin kò dúró. Ó ti gbọ́ nílé ọtí pé bí ìjọba kò bá pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan, ẹjọ́ ti kú nìyẹn. Ó sá kọjá ààlà sí North Dakota, ìpínlẹ̀ kejì, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì.

Ìgbà òtútù ni ìyá rẹ̀ kú. Dale Stroh, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti di onígbàgbọ́, pè é lórí fóònù pé, "Wá sin màmá."

"Kí ọlọ́pàá wá mú mi létí sàréè? Yóò yé màmá."

Kò wá.

Nígbà tí ọdún yípo, Orrin padà sí Montana, ó wọ ṣọ́ọ̀bù tí Dale ti ń jó irin.

"Ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kú àdúrà o! Ọdún ti pé. Wọn ò lè fọwọ́ kàn mí mọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n."

"Gbogbo ọ̀mùtí ni. Orrin, ìgbà tí o fi sá kúrò ní ìpínlẹ̀ yìí, òfin ò kà á mọ́ ọdún yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pe ẹjọ́ ẹ. Ká ní o jókòó sílé ni, ọdún kan ì bá ti pé kí wọ́n tó pè é."

"Lásán ni mi ò ṣe sin màmá?"

"Lásán ni."

Orrin wó lulẹ̀ láàárín àjákù irin. "Sọ fún Jésù ẹ kó jẹ́ n sin ín."

"Ó ti wà nínú ilẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ẹ, Jésù lè gbé e kúrò lọ́rùn ẹ."

Orrin gbàdúrà, ó ń sunkún bí ọmọdé. Dale fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Adájọ́ kò ṣàánú rẹ̀. Orrin ń ka Bíbélì nínú túbú báyìí, àmọ́ ẹ̀rín kò tíì padà sẹ́nu rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ẹ̀ṣẹ̀ kì í gbó lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Pé ó ti pẹ́ kò ní kí Ọlọ́run gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló ń pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ: ohun tí o ti bà jẹ́ lè má ṣeé tún ṣe mọ́ láyé yìí. Síbẹ̀, wá. Níbi tí o wà yẹn, kúnlẹ̀, kí o pe Jésù lónìí.