Kò Tíì Rí Ajé Òwúrọ̀

Ọ̀rẹ́ mi tí ìwé pélébé yìí tẹ̀ lọ́wọ́, má tíì jù ú nù. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ọkùnrin tó mọ ọjà tà ju èmi àti ìwọ lọ.

Ṣóbọ̀wálé ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ṣùgbọ́n ìlú Douala ní ilẹ̀ Cameroon ni ó ti di ènìyàn. Bàtà ni ó ń tà. Kì í ṣe bàtà orí àtẹ o! Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni ó ní, orúkọ kan náà ló wà lókè gbogbo wọn, ọ̀dà pupa kan náà ni wọ́n fi kùn wọ́n. Ọ̀kan wà ní Bépanda, ọ̀kan wà ní Bassa níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ń gbà kọjá, ọ̀kan wà ní Japoma. Èyí tó tóbi jù, tí gíláàsì rẹ̀ lọ láti ilẹ̀ dé òkè, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́ nínú rẹ̀, wà lójú títì ńlá ní Akwa. Bí o bá bá a níbẹ̀ nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀, tó ti ọwọ́ bọ àpò, o ó rò pé òun ló ni ìlú.

"Patron", ìyẹn ọ̀gá ní èdè Faransé, ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti gbé e lọ ṣe ìrìbọmi nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù Akwa ni ó ti pa ilé Ọlọ́run tì. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Àlàó, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ ní Bépanda. Bí Àlàó bá ní kí ó jẹ́ kí àwọn jọ lọ sí ìsìn, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Àbúrò, ọjọ́ Sọ́ńdè gan-an ni àwọn olówó Akwa ń gbafẹ́ kiri. Bá mi sọ fún Ọlọ́run pé kó ṣì mú sùúrù."

Ohun kan wà tí Ṣóbọ̀wálé gbà gbọ́ ju ohunkóhun lọ. Ajé òwúrọ̀ ni. Bí inú ọjà bá ni wọ́n bí ọ sí, o mọ ohun tí mò ń wí: ẹni àkọ́kọ́ tó bá ra nǹkan láàárọ̀ ni ó ń ṣí ọjà ọjọ́ náà. Ṣóbọ̀wálé a gba owó onítọ̀hún, a fi kan iwájú orí, a fi ra àwọn bàtà lára káàkiri. Kí ẹni yẹn tó dé, ohunkóhun kò gbọdọ̀ jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní fún ọ ní ṣẹ́ńjì. Kò ní yá ọ ní àga. Bí o bá tọrọ omi mímu, yóò ní, "N kò tíì rí ajé."

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, wọn a sì fi ṣe ẹ̀rín. Kò sí ẹ̀rín nínú ti Ṣóbọ̀wálé. Ó dá a lójú pé ohun tó sọ òun di Patron nìyẹn.

Nígbà tó yá, ọjà dàrú. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Bassa dá òṣìṣẹ́ dúró. Owó ìgbẹ́rù ní èbúté gòkè. Àwọn ilé ìtajà ńláńlá tí wọ́n ti wà ní Akwa kí Ṣóbọ̀wálé tó mọ ọ̀nà Douala bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ bébà mọ́ gíláàsì wọn pé gbogbo ọjà ti di ẹ̀dínwó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lẹ bébà mìíràn, pé ilé náà wà fún rẹ́ǹtì. Bàtà òkìrìkà ni àwọn ènìyàn ń rà létí títì, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ra tiwọn lórí fóònù. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ẹni tó ń wá oúnjẹ ọmọ kiri kò ráyè bàtà tuntun.

Ṣóbọ̀wálé kọ́kọ́ ti ṣọ́ọ̀bù Japoma. Lẹ́yìn náà ó ti ti Bassa. Nígbà tó kan Bépanda, Nùsíràt ló mú kọ́kọ́rọ́ wá fún un ní Akwa. Láti ìgbà ọmọge ni Nùsíràt ti ń bá a tajà níbẹ̀, ó mọ oníbàárà pè débi pé ẹni tó ń lọ ra iṣu lè yà wá ra bàtà. Kò sunkún lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Patron, Ọlọ́run á ṣe é," ó sì lọ.

Akwa nìkan ló wá kù. Bí ọjà ti ń kú sí i ni ẹ̀rù ń ba Ṣóbọ̀wálé sí i, bí ẹ̀rù sì ti ń bà á ni ó ń rọ̀ mọ́ ajé òwúrọ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, Nùsíràt sáré wọlé. Ìborùn rẹ̀ ti tú, omi ń kán lára rẹ̀. Bàdámọ́sí, ìyá rẹ̀, ló ń ṣàìsàn. Àyà ń dùn ún, kò lè mí dáadáa mọ́, kò sì lè jókòó lórí bẹ́ńsíkìn, àwọn ọ̀kadà tí gbogbo Douala ń gùn. Àgbàrá ti gba ọ̀nà àdúgbò wọn ní Bépanda, kò sí takisí tó fẹ́ wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Ṣóbọ̀wálé ga, ó lè la omi yẹn kọjá. Ó wà níta gbangba níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Patron, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ bá mi gbé Màmá dé hôpital. Kò ní pẹ́ rárá."

Kí o tó gbọ́ èsì tó fún un, jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàdámọ́sí jẹ́ fún ọ. Nígbà tí Ṣóbọ̀wálé kọ́kọ́ dé Douala, tí kò ní ju àpò aṣọ kan lọ, ìrẹsì àti ẹ̀wà ni obìnrin yìí ń sè tà lẹ́bàá ibi tó ń sùn sí. Ó rí i pé ọmọ ilé ni, pé kò sì rí oúnjẹ jẹ. Láàárọ̀ kùtù, kí ó tó ta ṣíbí kan, ó bu oúnjẹ kún abọ́, ó gbé e fún un. Ṣóbọ̀wálé kọ̀, ó ní, "Màmá, ẹ kò tíì rí ajé." Bàdámọ́sí ní, "Jẹun, ọmọ mi. Ọlọ́run ló ni ajé."

Ṣé Ṣóbọ̀wálé ti gbàgbé ni? Kò gbàgbé. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò tíì wọlé láti àárọ̀. Ó ní, "Nùsíràt, n kò tíì rí ajé. Dúró díẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá ti rà báyìí, a ó lọ."

"Patron, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni o!"

"Mo gbọ́. Ṣé o fẹ́ kí èyí tó kù yìí náà kógbá sílé ni? Ní sùúrù. Wọn yóò wá."

Nùsíràt jáde. Mo fẹ́ kí o fojú inú wo ohun tí ó ṣe. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú òjò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe oníbàárà bí ó ti máa ń ṣe ní Bépanda. "Entrez, madame! Mon frère, venez voir!" Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn tó ń kọjá kí wọ́n lè wọlé. Ó ń wá ajé fún Ṣóbọ̀wálé kí ìyá rẹ̀ má baà kú.

Ẹnìkan wọlé, obìnrin kan tó mú agbòjò dání. Ó wọ bàtà kan wò. Ó béèrè iye rẹ̀. Ó bọ́ ọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní òun ń bọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni fóònù Nùsíràt dún. Ó gbé e sétí. Ó yíjú wo Ṣóbọ̀wálé láti inú gíláàsì, ó fa ìborùn rẹ̀ bo orí, ó sì lọ. Kò sáré mọ́.

Ṣóbọ̀wálé rí i. Ó mọ ohun tí fóònù náà sọ. Síbẹ̀ ó dúró sójú kan láàárín bàtà rẹ̀, kò lè jáde, kò lè jókòó. Ajé kò wá lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó fi máa dé Bépanda nírọ̀lẹ́, wọ́n ti sin Bàdámọ́sí gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn Mùsùlùmí. Àwọn ènìyàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, Àlàó wà láàárín wọn. Ṣóbọ̀wálé fẹ́ dọ̀bálẹ̀ níwájú Nùsíràt.

Nùsíràt gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì fi ṣe èébú. Ó kàn béèrè ni.

"Patron, ṣé ẹ ti wá rí ajé?"

Áà! Patron fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Àlàó ló dìde tó dì í lápá mú, tó mú un padà sínú ọkọ̀, tó sì jókòó tì í.

"Àlàó, n ó fún ọmọ yìí ní ọkọ̀ yìí. N ó fún un ní gbogbo bàtà tó kù. N ó..."

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ bá lè ṣe, ẹ ṣe é, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ìyẹn ni yóò jí Màmá?"

"Kí wá ni kí n ṣe?"

Àlàó náà ti pàdánù ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, àtẹ kan ló fi ń ta abọ́ báyìí, kò sì wá síbẹ̀ láti bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹ̀. Ẹ kò lè dá a padà, ẹ kò sì lè san án."

Ṣóbọ̀wálé bú sẹ́kún.

"Ẹ gbọ́ mi, Ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ yìí ni ẹ ti rò pé bí ẹ ṣe ń ṣe ni Ọlọ́run ń ṣe, pé ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú nǹkan wá kí ọwọ́ Ọlọ́run tó ṣí. Jésù kò dúró de ajé lọ́wọ́ wa. Ìgbà tí a kò ní ohunkóhun, ìgbà tí a ṣì wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ gan-an, ni ó fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ fún wa. Ẹ kò lè ra ìdáríjì rẹ̀. Ẹ kàn máa tọrọ rẹ̀ ni."

Patron gbé orí lé sítíárìn ọkọ̀. Kò mọ àdúrà kankan mọ́. Ó ní, "Jésù, n kò mú nǹkan kan wá. Ẹni tó fún mi ní oúnjẹ ni mo jẹ́ kó kú. Ṣàánú mi." Kò rí jù bẹ́ẹ̀ sọ. Ọlọ́run àánú gbọ́ ọ.

N kò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù Akwa kò jí dìde. Onílé gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti kun ọ̀dà mìíràn lé ọ̀dà pupa náà. Ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ Nùsíràt, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń fi ṣe takisí. Ṣóbọ̀wálé lọ tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Nùsíràt. Ọmọbìnrin náà ní òun ti gbọ́. Títí di òní, kò tíì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà mìíràn sì wà tí Ṣóbọ̀wálé ń sunkún nítorí rẹ̀. Ìdáríjì Ọlọ́run kò gbé Bàdámọ́sí padà wá.

Ṣùgbọ́n bí o bá gba Bépanda kọjá láàárọ̀ kùtù, wàá rí ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ abọ́ Àlàó, tó to bàtà díẹ̀ síwájú. Kẹ́ẹ̀gì omi tútù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń bu omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kùn pé ó ń ba ọjà àwọn jẹ́. Kò dá wọn lóhùn. Ó ń bu omi rẹ̀ lọ.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá ìwọ náà ń sọ fún Ọlọ́run pé kó ṣì dúró ná. Ó di ìgbà tí ọjà bá padà ṣí, ó di ìgbà tí o bá kọ́ ilé tán, ó di ìgbà tí o bá tún ìwà rẹ ṣe díẹ̀ kí o má baà lọ bá a lọ́wọ́ òfo. Ta ló sọ fún ọ pé oníbàárà yẹn ń bọ̀? Bàdámọ́sí kò lè dúró dè é. Ṣé ìwọ lè dúró?

Jésù wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Kò wá rà, kò wá tà. Ìwọ ni ó wá gbé, nítorí ìwọ gan-an ni aláìsàn tí kò lè dá rìn. Má jẹ́ kí ó fi ẹnu ọ̀nà rẹ sílẹ̀ lọ. Ké pè é níbi tí o wà yẹn, lọ́wọ́ òfo bẹ́ẹ̀, kí o tó ta ohunkóhun lónìí.