Ikọ́ Inú Kọ̀ǹpútà Ràúdátù

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí àdúgbò Basin lọ béèrè. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ṣì wà lórí tábìlì. Ràúdátù tó ni ín kì í mutí, olùkọ́ ìṣirò ni, kì í sì í sọ àsọdùn, àfi tó bá ń ka iye ìgbà tó ti kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Abdulmumini, ló kọ́ ilé náà. Nígbà tí bàbá kú, Ràúdátù nìkan ló kù síbẹ̀, nítorí kò tíì lọ́kọ. Salman, àbúrò rẹ̀, ń gbé ní Tanke, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún kọ̀ǹpútà ṣe. Àlùfáà yìí ní ìwà kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀. O kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun níwájú rẹ̀ láìṣe Bisimilahi. Kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni o. Ṣe ni yóò kàn wúkọ́. Ikọ́ kékeré, ikọ́ gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó o bá ti ki ọwọ́ bọ oúnjẹ, wàá yọ ọ́ padà. Awakọ̀ kan tiẹ̀ fẹ́ gbé bàbá kúrò ní Ọjà Tuntun nígbà kan, ó ti ṣíná ọkọ̀ tán kí ikọ́ náà tó dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó pa ọkọ̀, ó ṣe Bisimilahi, ó tún un ṣí. Onígbàgbọ́ ni awakọ̀ ọ̀hún.

Ohun tó ṣẹ́kù fún Ràúdátù lára bàbá rẹ̀ ni ohùn rẹ̀, ìyẹn tàfúsíírì, ìtumọ̀ Kùránì, tó ṣe nínú Ràmàdánì tó lò kẹ́yìn láyé. Ràúdátù ló fi fóònù gbà á sílẹ̀. Fóònù náà ti bàjẹ́, inú kọ̀ǹpútà nìkan ni ohùn náà wà. Kọ̀ǹpútà náà sì ti ń kú lọ. Bó bá tàn án láàárọ̀, á lọ wẹ̀, á jẹun, á padà dé, nǹkan róbótó kan á ṣì máa yí lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé lọ́jọ́ kan kò ní tàn mọ́, ohùn bàbá á sì bá a lọ.

"Àǹtí, ẹ gbé Linux sí i," ni Salman wí lórí fóònù. "Ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ni, ó sì fúyẹ́. Kọ̀ǹpútà arúgbó gan-an ló dára fún."

"Ta ló máa bá mi gbé e?"

"Ẹ̀yin náà ni. Kò le. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ẹrù yín sórí fíláàṣì. Lẹ́yìn náà ẹ fi fíláàṣì gbé Linux wọlé. Màá fi gbogbo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ránṣẹ́ sí yín."

"Fíláàṣì wo?"

"Èyíkéyìí."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí olùkọ́ ìṣirò ṣe. Fíláàṣì kan ṣoṣo ló ní. Ó da tàfúsíírì bàbá sí i, ó yọ ọ́, ó fi sínú àpò, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tó di pé kó fi fíláàṣì gbé Linux, ó yọ ọ́ nínú àpò, ó tún kì í bọ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá ó mọ̀ pé gbogbo ohun tó wà nínú fíláàṣì náà yóò parẹ́. Ó ní òun mọ̀. Ta ló ń ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Kò pẹ́, wọ́n tún bi í bóyá kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ rẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n pa á rẹ́, ẹrù òun ti wà nínú fíláàṣì.

Níkẹyìn, wọ́n ní kó mú ọ̀rọ̀ àṣírí tí yóò máa fi wọlé. Ó wá ọ̀rọ̀ tí ọmọ àlùfáà kò lè gbàgbé láé. Ó tẹ bisimilahi. Ìka ló fi tẹ̀ ẹ́ o, kò fi ẹnu sọ ọ́.

Kọ̀ǹpútà náà tàn wàì. Inú rẹ̀ dùn, ó tiẹ̀ jó díẹ̀. Ó wá ṣí fíláàṣì láti kó ẹrù rẹ̀ padà, kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀ àfi Linux. Ó wò ó títí. Ó pe Salman.

"Àǹtí," ni Salman wí, "mo ní fíláàṣì èyíkéyìí. N ò ní kẹ́ ẹ lo ìyẹn."

"Salman, sọ fóònù yẹn kalẹ̀."

Ó sunkún lọ́jọ́ náà ju bó ti sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú lọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, èrò wà níbẹ̀, ó ń tì í lójú.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ọyẹ́ ti dé. Iná ti lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà nìkan ló kù. Fáànù dúró, fíríìjì dákẹ́, kò sẹ́ni tó tíì tan jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò. Ó tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kọ̀.

Nǹkan kan wúkọ́.

Ikọ́ kékeré. Ó gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ràúdátù kò mira. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo fèrèsé. Ó wá wo kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà sì ń wò ó. Kì í ṣe òun ló pàṣẹ fún ẹnu rẹ̀, ẹnu náà ló ṣí fúnra rẹ̀.

"Bisimilahi."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí.

Ó jáde síta, ó sì jókòó sórí ìjókòó ìdáná nínú ọyẹ́ títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀gàríbì.

Láti ọjọ́ náà, bó ṣe ń lọ nìyẹn. Bó bá fi ẹnu ṣe Bisimilahi, kọ̀ǹpútà á ṣí. Bó bá gbàgbé, á wúkọ́. Ẹ̀rù bà á fún bí ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ẹ̀rù náà sú u. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́ṣẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀. Á gbé omi ka iwájú kọ̀ǹpútà, á mu ún láìṣe Bisimilahi, á wá tẹ́tí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó máa ń sá fún ikọ́ yìí. Ní báyìí ó ń mu omi títí ikùn rẹ̀ fi ń dún, torí kó lè gbọ́ ọ.

Màsúdát tí ilé rẹ̀ kángun sí tirẹ̀ náà gbọ́ ọ. Ó gbé àwo wàrà wá, ó ń rẹ́rìn-ín kọ́rọ́.

"Ràúdá, Àlíhàmdúlílàhì. Ìgbà wo ni ìgbéyàwó?"

"Ìgbéyàwó ta ni?"

"Mo gbọ́ ikọ́ ọkùnrin. Ó jọ pé ó ti dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò burú, àgbàlagbà ló ń tọ́jú èèyàn." Ó na ọrùn wo inú yàrá. "Ẹ kú ilé o, sà."

"Màsúdát, kọ̀ǹpútà mi ni."

Màsúdát wo kọ̀ǹpútà. Ó wo Ràúdátù. Ó rọra fi wàrà náà sílẹ̀, ó sì bá ẹnu ọ̀nà lọ. Kí ọjọ́ tó rọ̀, àdúgbò ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ọmọ àlùfáà ti gbé ọkùnrin pamọ́. Àwọn yòókù ní orí rẹ̀ ló dàrú.

Èyí ló mú Salman wá. Ó gbé mọ́sà dání láti fi bẹ̀bẹ̀ ọ̀rọ̀ fíláàṣì, ó jókòó, ó sì ju ẹyọ kan sẹ́nu bí ó ti ń sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, kọ̀ǹpútà kì í…"

Ikọ́ náà dún. Kọ̀ǹpútà kò sì sí ní títàn.

Salman tu mọ́sà náà sọ́wọ́. Ojú rẹ̀ di ojú ọmọ kékeré. "Bisimilahi," ló sọ, ó sì dá a padà sẹ́nu, ṣùgbọ́n kò rí i jẹ.

Nígbà tó yá, ó tan kọ̀ǹpútà náà, ó wá inú rẹ̀ ká. Kò sí fáìlì ohùn kan níbẹ̀. Ó wo ìdí sípíkà. Ó tún un wò.

"Àǹtí, kọ̀ǹpútà yìí ò lè dún. Linux ò tíì dá sípíkà rẹ̀ mọ̀ rárá. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbé e sí i, ẹ ti gbọ́ orin kankan níbẹ̀?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ rí i báyìí." Ṣùgbọ́n òun alára kò mọ ohun tó ní kó rí.

Ó ní nǹkan kékeré kan ló kù tí wọ́n máa gbé sí i, kí sípíkà lè ṣiṣẹ́. Ó kọ àṣẹ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yí lọ sókè lójú kọ̀ǹpútà, ó dúró. Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá kí òun tẹ̀ síwájú: bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Salman na ìka.

"Dúró," ni Ràúdátù wí. "Bí sípíkà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tó ń wúkọ́ ńkọ́? Ṣé á ṣì wà?"

"N ò mọ̀, Àǹtí. Ó lè lọ."

"Àbí á sọ̀rọ̀?"

"N ò mọ̀."

Wọ́n ṣe Bisimilahi, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Yàrá dákẹ́. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ìyẹn gan-an ló le níbẹ̀, nítorí bàbá kò sọ tibí, kò sọ tọ̀hún. Bó o bá ti ṣe Bisimilahi, ó ti tán lọ́wọ́ tirẹ̀, ohun tó kù di tìẹ.

Ràúdátù ti pàdánù bàbá nígbà tó kú. Ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohùn rẹ̀ rẹ́, torí pé kò ka ìbéèrè kó tó dáhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ka ìbéèrè náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Salman kò jiyàn. Ó fa àwo mọ́sà sáàárín, ó mú ẹyọ kan, ó sì wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ràúdátù náà mú ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó ṣe Bisimilahi nínú wọn. Àwọn ọmọ Àlùfáà méjèèjì jókòó síbẹ̀, mọ́sà lẹ́nu, ojú lára kọ̀ǹpútà, wọ́n ń dúró kí bàbá wọn bá wọn wí.