Ìjì Inú Oṣù Kọkànlá

Eufemia ń yan búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ lórí páànù irin ńlá nígbà tí Ludovina ju kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà.

"Àǹtí, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ palẹ̀ ẹrù mọ́. Ìjì òkun ń bọ̀. Bọ́ọ̀sì máa kó wa lọ sí ìlú Belmopan, tó jìnnà sí òkun, lọ́sàn-án ọ̀la."

Eufemia gbójú sókè. Oòrùn ń ràn yòò. Òkun dákẹ́ bí omi inú abọ́. Ó wá wo Ludovina láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìjì wo, nínú oṣù kọkànlá? Ta ló rán ẹ sí mi?"

"Ìgbìmọ̀ pàjáwìrì abúlé ni, Àǹtí. Ṣebí ẹ mọ̀ pé mo wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Mo sì mọ ibòmíràn tí o wà."

Ludovina mọ ohun tó ń sọ. Inú kíṣíìnì hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun ló ti ń ṣiṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, Eufemia rí òun àti ọkùnrin méjì kan láti hòtẹ́ẹ̀lì náà tí wọ́n ń fi okùn wọn ilẹ̀, wọ́n sì wọn ilẹ̀ Eufemia náà mọ́ ọn. Láti ọjọ́ yẹn ni ara ti ń fu ú. Bí gbogbo ilé bá ṣófo fún ọjọ́ mélòó kan, ta ni yóò máa ṣọ́ ilẹ̀?

Cirilo, apẹja ilé kejì, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Fémia, má dá ọmọ yìí lóhùn jàre! Oṣù kẹsàn-án loṣù ìjì. Ó ti lọ, a ò rí nǹkankan. Pákó tí mo kàn mọ́ fèrèsé, mo ti yọ ọ́ dáná."

"Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn," ni Eufemia wí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ludovina lọ tán, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó wé gèlè, ó gba etí òkun lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì náà, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ètekéte tí wọ́n ń ṣe. Ó lúgọ sínú igbó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.

Ó rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń kan pákó mọ́ ojú gíláàsì. Ó rí àwọn tó ń gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sókè. Ó rí àwọn àlejò òyìnbó tí wọ́n ń wọ́ báàgì wọnú bọ́ọ̀sì.

"Àbí wọ́n mọ̀ pé mò ń wò wọ́n, ni wọ́n fi ń ṣe bí ẹni tó ń sá?" ó bi ara rẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ ń wá nínú igbó?"

Ludovina ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, òòlù lọ́wọ́. Ojú kò ti Eufemia.

"Mo wá wo àwọn ọ̀gá rẹ tó fẹ́ gba ilẹ̀ mi."

"Wọ́n fẹ́ ẹ lóòótọ́. Wọ́n ní kí n bá yín sọ ọ́, mo ní ẹ ò ní tà á láéláé. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín, ẹnu yín ni mo bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ìjì yìí kì í ṣe ti hòtẹ́ẹ̀lì, Àǹtí. Àwọn náà ń sá."

"Ṣé Cirilo wá purọ́ ni?"

"Ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Láti oṣù kẹfà títí dé ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kọkànlá ni ìgbà ìjì. Òótọ́ ni pé ó máa ń le jù láti oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá. Ọ̀pọ̀ nínú tìgbà yẹn ń ti ẹ̀bá Áfíríkà bọ̀, a ó ti máa gbúròó wọn lójú ọ̀nà fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ti ìparí ọdún yìí, inú òkun tiwa níbí ló sábà ń dìde sí, torí pé omi ṣì gbóná. Ọjọ́ méjì péré, ó ti dé ẹnu ọ̀nà."

"Ipele wo ni wọ́n pè é?"

"Ipele kìíní nínú márùn-ún."

"Ṣé o rí i! Ìjì kékeré."

"Afẹ́fẹ́ nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń wọ̀n, Àǹtí, kì í wọn omi. Omi ló sì ń pa èèyàn jù. Òkun wa ò jìn, bí ìjì bá ti omi rẹ̀ wá, orí ilẹ̀ ló máa gùn. Irà ẹ̀yìn abúlé á kún, ọ̀nà kan ṣoṣo tí a ní á sì rì kí ìjì gan-an tó dé."

Eufemia fún ojú pọ̀. "Bí mo bá ní mi ò gbà ọ́ gbọ́ ńkọ́?"

"Ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ lọ gbọ́ rédíò fúnra yín. Ẹ wo òpó àgọ́ ọlọ́pàá."

Eufemia lọ. Àsíá pupa tí wọ́n fi ń kéde ìjì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè òpó. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó dúró gbọ́ ìkéde àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ọ̀rọ̀ náà á yí padà. Kò yí.

Síbẹ̀, ìfura rẹ̀ kò tán. Ó fi náílọ́ọ̀nù méjì di ìwé ilẹ̀ rẹ̀, ó so ó mọ́ ìbàdí. "Ẹni tó bá ń retí pé màá fi í sílẹ̀, á retí pẹ́."

Eufemia wọ bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n Cirilo kò bá wọn lọ. "Ẹ bá mi kí Belmopan o!"

Bọ́ọ̀sì gbéra lọ́sàn-án. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, omi ti bo ọ̀nà. Ìdájí ọjọ́ kejì ni ìjì dé.

Wọn kò padà àfi ìgbà tí wọ́n ta àsíá aláwọ̀ ewé, tó túmọ̀ sí pé ewu ti kọjá. Òpó mẹ́rin ló kù nínú ilé Eufemia. Ilé ìwòsàn ìlú Dangriga ni wọ́n ti rí Cirilo, apá rẹ̀ kán. Wákàtí méje ló fi dì mọ́ táńkì omi ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ojú òkun ni mo ń wò, Fémia," ó ní, kò lè gbójú sókè. "Ẹ̀yìnkùlé ni omi gbà wọlé."

Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn ọkùnrin hòtẹ́ẹ̀lì méjì yẹn dé. Wọ́n ní ilé ti lọ, kí ló kù tí màmá fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe? Eufemia tú náílọ́ọ̀nù, ó na ìwé rẹ̀ sókè. "Mo wà láàyè, ilẹ̀ mi nìyí. Ẹ máa lọ." Ludovina dúró tì í gbọn-in gbọn-in.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí òkun, ẹ má yọ pákó fèrèsé títí oṣù kọkànlá yóò fi parí. Ẹ má fi nọ́ńbà ìjì mọ bí omi yóò ti pọ̀ tó. Ẹ béèrè ibi tí omi lè gbà yọ sí ilé yín, kí ẹ sì kúrò nígbà tí ọ̀nà ṣì gbẹ. Ẹ di ìwé yín sínú ohun tí omi kò lè wọ̀. Bí ẹ kò bá gba ẹni tó mú ìròyìn wá gbọ́, ẹ lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ fura, kò burú. Àmọ́ ẹ fura sí òkun tó dákẹ́ náà.